Àlùmọ́gàjí Ratip Bey àti Ọgbà Lẹ́mọ́ọ̀nù Yorgi

"Mi ò dìde," Pembe ní. "Bí katakata yín bá fẹ́ kọjá, kó gba orí mi kọjá. Egungun mi ò le mọ́, kò ní pa irin yín lára."

Àga koríko kékeré kan ló gbé síwájú igi lẹ́mọ́ọ̀nù àkọ́kọ́, ló jókòó lé e, ló kó ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n gbé kọfí wá. Katakata wà níwájú ẹ̀, ó ń mí gùdù-gùdù. Ratip Bey dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata, òun náà ń mí gùdù-gùdù. Ìyàtọ̀ kan ni pé katakata ò wọ táì.

Ratip Bey yìí ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ fún gbogbo etíkun apá àríwá Kípírù. Ó ti kó ènìyàn wá sí abúlé Selvili láàárọ̀ ọjọ́ náà: àwọn onífèrè, àwọn ọlọ́pàá, òyìnbó gíga kan tó ń làágùn tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Fenwald, àti gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ẹ̀ tí wọ́n pàṣẹ fún pé kí inú wọn máa dùn. Wọ́n ti so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ igi méjì. Àárín igi méjèèjì yẹn gan-an ni ìyá arúgbó yìí gbé àga ẹ̀ sí.

"Màmá Pembe," Ratip Bey ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ẹ má dójú tì mí lójú àlejò."

"Ta ló ní kó o kó àlejò wá sínú ọgbà mi?"

"Ọgbà yín kọ́, Màmá. Ọgbà ìjọba ni."

"Ọgbà Yorgi ni. Èmi ń tọ́jú ẹ̀. Ìwọ ń jí i."

Onífèrè kan rẹ́rìn-ín, ó yára sọ ẹ̀rín ọ̀hún di ikọ́.

Kò sẹ́ni tí ò mọ Yorgi ní Selvili, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú sí òdìkejì ààlà. Lọ́dún tí ogun pín erékùṣù wa sí méjì, àwọn Rum tó ń sọ èdè Gíríìkì sá lọ sí gúúsù, àwa Tọ́ọ̀kì sá wá sí àríwá. Kálukú fi ìkòkò ẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó lọ wọ ilé ẹlòmíì tí ìkòkò tiẹ̀ ò tíì tutù. Yorgi kó Androulla ọmọ ẹ̀ sá lọ sí Leymosun. Pembe gbé ọmọ pọ̀n láti ìhà Baf ní gúúsù, wọ́n ní kó máa gbé nílé Yorgi. Ọkọ ẹ̀ kú níbẹ̀, ọmọ ẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní tiẹ̀. Lẹ́mọ́ọ̀nù ló ṣẹ́kù. Ó ń fi omi kànga tí Yorgi gbẹ́ bomi rin ín, ó ń kó o tà, ohun tó ń jẹ nìyẹn. Bí ọgbà bá lọ, oúnjẹ Pembe lọ. Kò ní nǹkan míì.

Ratip Bey yíjú sí àwọn àlejò, ó tún táì ṣe. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "ẹ jẹ́ n fi àṣírí kan hàn yín, tí èmi nìkan fi ìrònú jinlẹ̀ wá rí. Ilẹ̀ kì í rántí. Ilẹ̀ tí olówó ẹ̀ bá ti fẹsẹ̀ fẹ, ilẹ̀ ọ̀hún ti gbàgbé ẹ̀ kó tó dé ìkóríta. Ilẹ̀ dà bí arẹwà obìnrin, ẹni tó bá wà níwájú ẹ̀ ló mọ̀. Ta ló sì wà níwájú ẹ̀ lónìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bey mi," Derviş akọ̀wé ẹ̀ ní, ó sì pàtẹ́wọ́. Gbogbo ọ́fíìsì bá a pàtẹ́wọ́.

Pembe dúró kí àtẹ́wọ́ lọ sílẹ̀. "Ratip," ó ní, "mo mọ ìyá ẹ. Şefika sunkún ilé ẹ̀ ní Leymosun títí a fi gbé e lọ sin. Ṣé ilẹ̀ ti òun náà ti gbàgbé ẹ̀ ni?"

Katakata rọlẹ̀ díẹ̀, ó jọ pé awakọ̀ fẹ́ gbọ́ èsì. Ratip Bey bu ẹ̀rín músẹ́, ó ní àgbàlagbà gbọ́dọ̀ ní ọ̀wọ̀ tiẹ̀, ó ní òun àti ìjọba ò ní fi agbára mú ẹnikẹ́ni, pé wọn ò ní fọwọ́ kan igi kankan títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ó wá na ọwọ́ sórí Pembe bí ẹni tó fẹ́ ká ewé kúrò lórí ẹ̀, ó gé rìbọ́ọ̀nù. Fèrè dún. Rìbọ́ọ̀nù já bọ́ sí itan Pembe. Ó ká a pọ̀ jẹ́jẹ́, ó fi í sí àpò. Ó ní yóò dára fún okùn adìẹ.

Ìwọ tó ń kà á, má rò pé ó jagun borí o. Bí Ratip Bey ṣe ń wọ mọ́tò lọ, ó sọ̀rọ̀ sí Derviş létí. Ó ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Sátidé, òun ò ní sí nílùú.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín, nítorí ẹni tí ò bá mọ àlùmọ́gàjí ọwọ́ ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Àlùmọ́gàjí ọ̀hún ń dán bíi góòlù. Orí irọ̀rí àrán aláwọ̀ búlúù ló máa ń wà, Derviş ló sì máa ń gbé irọ̀rí. Ohun tí Ratip Bey ò bá tíì gé rìbọ́ọ̀nù fún, kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹ̀. Ó gé rìbọ́ọ̀nù fún ẹ̀rọ omi kan ní Selvili, omi ò sì jáde, ó ní omi ń bọ̀, pé ayẹyẹ ló kọ́kọ́ máa ń ṣíwájú. Ó gé e fún garawa ìdọ̀tí. Ó gé e fún òkìtì tí wọ́n kọ́ sójú títì kí mọ́tò má baà sáré, mọ́tò tiẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá a. Nígbà tí àna ẹ̀ ra fíríìjì tuntun, ìyàwó Ratip Bey ní kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n kó ẹran sí i kó má baà bàjẹ́. Ẹran bàjẹ́. Rìbọ́ọ̀nù ni wọ́n ń wá.

Bó bá sín lọ́fíìsì, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń kí i, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń sọ pé irú sísín tó mọ́lẹ̀ báyìí, òun ò gbọ́ ọ rí. Àga àlejò ẹ̀ kúrú débi pé orúnkún àlejò á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n ẹ̀. Ọjọ́ kan ló jí, ló pàṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tí yóò pe ọgbà tó wà ní Selvili ní Ọgbà Yorgi mọ́, Ọgbà Ratip ló ń jẹ́. Àwọn ará abúlé gbà. Bí ẹnìkan bá bi wọ́n níbi tí Ọgbà Ratip wà, wọ́n á ní, "Ẹ máa lọ tààrà, ẹ óò rí Ọgbà Yorgi, ibẹ̀ náà ni."

Ọmọ Leymosun lòun náà. Bàbá bàbá ẹ̀ ní ilé ńlá kan níbẹ̀ létí òkun tí wọ́n ń kó harup pamọ́ sí, èso dúdú gbọọrọ yẹn tó jọ èso igi igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú, tó dùn bí oyin. Nígbà tí wọ́n sá wá sí àríwá, ìjọba ní kí ẹni tó bá fi ohun ìní sílẹ̀ ní gúúsù jọ̀wọ́ ẹ̀, kó gba ilé Rum kan dípò ẹ̀. Ratip Bey jọ̀wọ́ ilé harup, ó gba ilé dókítà Rum kan tó kọjú sí òkun, pẹ̀lú ọ̀pọ̀tọ́ nínú àgbàlá. Pàṣípààrọ̀ ti parí. Ẹnu ẹ̀ gan-an ló fi máa ń sọ fún ènìyàn lójoojúmọ́ pé ẹni tó bá ti gbà dípò, kó má bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń tú táì, ó máa ń dé fìlà, ó máa ń kọjá ààlà lọ sí gúúsù láìsọ fún ẹnìkan.

Bí òtẹ́ẹ̀lì ṣe wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ṣáájú ọjọ́ rìbọ́ọ̀nù, Ọ̀gbẹ́ni Fenwald wá láti òkè òkun. Ilé-iṣẹ́ wọn fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì àti ilé tẹ́tẹ́ sórí Ọgbà Yorgi ní Selvili, pẹ̀lú adágún ìwẹ̀ níbi tí òkun wà lójú ẹni. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí lẹ fẹ́ fi adágún ṣe létí òkun. Wọ́n ní orúkọ ẹ̀ á máa jẹ́ Ìràwọ̀ Òkun. Ratip Bey gbà á lálejò nílé oúnjẹ kan ní Girne, wọ́n gbé hellim yíyan, wàràkàṣì ilẹ̀ wa, wá, wọ́n gbé ẹja wá, Derviş sì ń bá ọ̀gá ẹ̀ yọ egungun ẹja.

Fenwald béèrè ohun tó ń dun agbẹjọ́rò wọn. Bí ọmọ Yorgi bá dé, tó ní ilẹ̀ òun ni, ńkọ́? Adìẹ tó bà lókùn ni ọ̀rọ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ratip Bey sọ ti ilẹ̀ tí kì í rántí fún un. Fenwald kàn fa àwòrán gbọ̀ngàn ńlá inú òtẹ́ẹ̀lì yọ, ó fi í síwájú ẹ̀. Lókè ẹnu ọ̀nà àwòrán náà, wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà: GBỌ̀NGÀN RATIP ÖNEL.

Ojú Ratip Bey kún fún omi. Ó ní kí Derviş wò ó. Derviş wò ó, omi kún ojú tiẹ̀ náà.

Ibẹ̀ ni Fenwald ti wá sọ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé ilé-iṣẹ́ àwọn tún ní iṣẹ́ kékeré kan lápá gúúsù, lábẹ́ orúkọ míì, kí Bey má bàa gbọ́ ọ níta. Ratip Bey ní, "Ó dára, ó dára." Kò gbọ́ ọ. Ó ń bá wọn wò ó bóyá kò yẹ kí lẹ́tà orúkọ òun tóbi díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù lórí Pembe, Androulla dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ààlà, kò sí ìgbà ìrúwé tí kì í wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá ẹ̀ bí alágbe, kò lè kanlẹ̀kùn. Pembe ló ṣílẹ̀kùn fún un, tó ní kó wọlé, tó lọ gbé fọ́tò ìgbéyàwó ìyá ẹ̀ jáde nínú àpótí tó fi í pamọ́ sí látọdún ogun. Àwọn méjèèjì sunkún títí kọfí fi tutù. Látìgbà náà, bí Androulla bá ń bọ̀, á gbé àkàrà òyìnbó ọdún Àjíǹde dání. Bó bá ń lọ, á gbé báàgì lẹ́mọ́ọ̀nù. Èdè Rum tí Pembe gbọ́ nígbà ọmọdé ni wọ́n ń sọ. Wọ́n tún máa ń jà. Androulla á ní ilé òun ni, Pembe á ní òun ò ní òun ni ín, àmọ́ níbo ló fẹ́ kóun wọ̀? Lẹ́yìn náà wọ́n á jẹun.

Lọ́tẹ̀ yìí, Pembe fi rìbọ́ọ̀nù hàn án, ó sọ gbogbo ẹ̀. Nígbà tó dé orí orúkọ Ratip, Androulla gbé ife sílẹ̀.

"Ratip ọmọ Şefika? Oníkùn yẹn, tó máa ń dé fìlà?"

"Òun náà ni. Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀yìnkùlé mi ni ilé harup bàbá bàbá ẹ̀ wà. Àwọn òyìnbó kan ń sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì. Gbogbo Sátidé ló ń wá dúró síbẹ̀, tó ń sọ fún àwọn bíríkìlà pé òun ló nilé. Ó ti gba agbẹjọ́rò pàápàá. Ó ń fẹ́ kí wọ́n dá a padà fún un."

Pembe rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Nígbà tó sinmi, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o ò ní fẹ́ kẹ́nìkan gbé máìkì síwájú ẹ̀? Kó má bi í ní nǹkan kan. Kó ṣáà gbé e síwájú ẹ̀."

Androulla mọ obìnrin kan, Stavria, tó ń ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n Leymosun. Ó ní òun á pè é.

Sátidé dé. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù.

Ratip Bey dúró níwájú ilé harup, fìlà lórí, ìbínú láyà. Wọ́n ti kun ògiri ní funfun. Wọ́n ti gbé pátákó kan sókè, ẸBÍ OÒRÙN ni wọ́n kọ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ti na rìbọ́ọ̀nù ọ̀rá pupa òun funfun, èyí tí wọ́n fi ń lé ènìyàn sẹ́yìn, kọjá ẹnu ọ̀nà tí bàbá bàbá ẹ̀ máa ń gbà wọlé. Ó ń wò ó. Ó ń dùn ún, òótọ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó rántí òórùn harup. Ó rántí ìyá ẹ̀. Bó bá dákẹ́ síbẹ̀, tó sunkún, tó lọ sílé, n kì bá ní ìtàn kankan láti sọ.

Stavria yọ sí i pẹ̀lú máìkì.

Kí lẹ rò? Ọkùnrin yìí ti lo odindi ọ̀sẹ̀ láìrí àtẹ́wọ́ gidi. Derviş ò sí nítòsí. Ó yọ fìlà, ó fi ọwọ́ tún irun ṣe, ó béèrè èyí tí yóò dára nínú ọ̀tún àti òsì ojú òun.

"Ẹ̀yin ènìyàn Leymosun," ó fi èdè Rum sọ ọ́, ohùn ẹ̀ sì dùn, "ẹ jẹ́ n fi àṣírí kan hàn yín. Ilẹ̀ kì í gbàgbé. Ẹni tó bá sá kúrò nílé ẹ̀ nígbà ogun, kò ta á, kò fi tọrẹ, ìbọn ló lé e. Ilẹ̀ dà bí ìyá, ọmọ lè rìnrìn àjò, ìyá ń wo ọ̀nà. Àjèjì yòówù tó bá kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sórí ilẹ̀ tí olówó ẹ̀ ṣì ń mí, olè ni. Ìjọba yòówù tó bá sì fún olè ọ̀hún láyè, agbódegbà ni."

Ẹnìkan pàtẹ́wọ́. Androulla ni. Ratip Bey tẹrí ba fún un.

"Ilẹ̀ àwọn Rum tó wà lápá àríwá ńkọ́, Bey?" Stavria béèrè.

Ọlọ́gbọ́n á ní ẹ jẹ́ n ronú sí i. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ti gun ọkùnrin yìí.

"Òfin kan náà ni. Ilẹ̀ ò mọ àríwá, kò mọ gúúsù. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi ni ọ̀gá ilẹ̀ níbẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ?"

Androulla tún pàtẹ́wọ́. Àwọn bíríkìlà náà pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ayẹyẹ ni. Ratip Bey wo iwájú, ó rí rìbọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin náà ti mọ̀. Ọ̀rá ni, àwọ̀ méjì ni, fún lílé ènìyàn ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n rìbọ́ọ̀nù ni rìbọ́ọ̀nù. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, nítorí kì í rìnrìn àjò láìmú un dání, ó fa àlùmọ́gàjí góòlù yọ. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì rí àlùmọ́gàjí Ratip Bey.

Ó gé e.

Ilẹ̀kùn ilé harup sì ṣí láti inú. Ọkùnrin gíga kan jáde, akoto òṣìṣẹ́ lórí ẹ̀, ó ń làágùn. Ó wá wo ẹni tó ń fa ariwo. Ọ̀gbẹ́ni Fenwald ni.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ratip Bey," Fenwald ní, "mo ṣáà sọ fún yín pé a ní iṣẹ́ kékeré kan lápá ibí."

Ratip Bey la ẹnu. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó la ẹnu sí iwájú máìkì tí nǹkan kan ò jáde. Stavria ò sì sọ máìkì kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àríwá, ní wákàtí kan náà.

Derviş ti kó katakata padà dé Selvili bí wọ́n ṣe rán an. Pembe tún jókòó sórí àga ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá méjì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gbé e tàga-tàga bí ìyàwó, wọ́n gbé e sí iwájú ilé. Èyí kékeré nínú wọn ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ má bínú sí mi, Màmá, lẹ́mọ́ọ̀nù yín ni ìyá mi ń rà." Pembe ní kó lọ sọ fún ìyá ẹ̀ kó wá ibòmíì rà á.

Igi lẹ́mọ́ọ̀nù kì í ké bó bá ń ṣubú. Ó kàn máa ń rùn. Òórùn òdòdó ẹ̀ bo gbogbo abúlé. Katakata wọ́ wọn jọ, èso òun òdòdó òun ewé, ó tì wọ́n sínú kànga Yorgi títí kànga fi kún, ó sì gun orí ẹ̀ kọjá.

Fóònù Pembe dún. Androulla ni, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Ó ti sọ ọ́, Pembe. Ó ti sọ gbogbo ẹ̀, ó pe ara ẹ̀ ní agbódegbà. Wọ́n ń gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí. Wọn ò lè fọwọ́ kan ọgbà mọ́. Ṣé o gbọ́ mi? Pembe?"

Pembe kàn na fóònù síta sí ibi tí katakata wà, kó lè gbọ́.

Ẹ̀rín Androulla dá.

Kò pẹ́ tí fóònù Derviş náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tí àwòrán ọ̀gá ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó ní kí katakata dúró. Ìwọ tó ń kà á, kì í ṣe àánú. Kò mọ ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún mọ́ ni. Ìlà igi kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, omi kankan ò sì sí tí wọ́n á fi bomi rin wọ́n.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ratip Bey kọ́kọ́ ní òun kọ́ ló wà nínú àwòrán, pé àwọn ọ̀tá ya ojú òun mọ́ ẹlòmíì. Wọ́n ní àlùmọ́gàjí ńkọ́? Ó ní wọ́n ya ìyẹn náà. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní òun ń ṣe amí fún orílẹ̀-èdè òun ni. Ó fi ránṣẹ́ sí mínísítà tó máa ń pè é ní òpó erékùṣù. Mínísítà ní Ratip wo? Ó ní àwọn Ratip pọ̀.

Àwọn ará ìlú ò bínú nítorí Rum. Ohun tó bí wọn nínú ni pé wọ́n fi dandan gba pàṣípààrọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n ní kí wọ́n má bojú wẹ̀yìn, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn wá jẹ ilé dókítà tán, ó tún sá gba ẹ̀yìn lọ tọrọ ilé harup. Nílé kọfí, bó bá wọlé, ẹnìkan á ní, "Ẹ dákẹ́ ariwo, ilẹ̀ ń rántí."

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó kọ̀wé sí wọn pé yóò wu òun kí òun gé rìbọ́ọ̀nù ìjókòó àkọ́kọ́. Wọn ò dá a lóhùn. Ó dé ibẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó rí i pé kò sí rìbọ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà, ó bi ẹni tó ń gbálẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Lọ́fíìsì, àwọn tó máa ń yin sísín ẹ̀ ní àwọn ti mọ̀ látijọ́ pé sísín yẹn ò mọ́lẹ̀. Derviş kó irọ̀rí búlúù lọ bá ọ̀gá tuntun. Ọ̀gá tuntun ò fẹ́ràn rìbọ́ọ̀nù, pátákó ló fẹ́ràn, èyí tí wọ́n máa ń fi aṣọ bò, tí yóò fa aṣọ náà kúrò. Derviş ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, pé òun ò mọ ohun tí ènìyàn ń rí nínú rìbọ́ọ̀nù. Òun ló ń gbé aṣọ báyìí.

Fenwald kó ẹrù ẹ̀ kúrò ní Selvili láàárín ọ̀sẹ̀. Agbẹjọ́rò wọn ní àwọn ò lè kọ́lé sórí ilẹ̀ tí ẹni tó fún àwọn ti jáde lórí tẹlifíṣọ̀n tó pè é ní ilẹ̀ olè. Ṣùgbọ́n wọn ò kúrò ní Leymosun. Wọ́n sọ fún agbẹjọ́rò Ratip Bey pé ẹni tó ti gba ilé dókítà dípò ilé harup kò tún ní ilé harup mọ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Wọ́n so rìbọ́ọ̀nù ọ̀rá tuntun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, Ẹbí Oòrùn ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní oúnjẹ àárọ̀ wọn dára.

Nígbà ìrúwé ọdún kejì, Androulla wá sí Selvili bó ṣe máa ń wá. Ó gbé àkàrà dání, ó sì gbé báàgì òfìfo dání, àṣà ni, kò rántí. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ọgbẹ́ pupa ńlá níbi tí ọgbà bàbá ẹ̀ wà, omi òjò dúró láàárín ẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú ẹ̀. Ìlà igi tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ti gbẹ. Ó ká báàgì pọ̀, ó fi í sábẹ́ apá.

Pembe gbé kọfí jáde. Ó gbé àwo ẹja wá pẹ̀lú, lẹ́mọ́ọ̀nù méjì tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ wà létí ẹ̀. Awọ wọn nípọn, wọn ò lómi nínú.

"Níbo lo ti rí i?" Androulla ní.

"Mo rà á lọ́jà."

Wọn ò jà lọ́jọ́ náà lórí ẹni tó nilé.

Ratip Bey ṣì ń gbé ilé dókítà. Orúkọ ìyàwó ẹ̀ ló wà lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Lóṣooṣù ó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀, lójoojúmọ́ ló sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òótọ́ tóun sọ ló pa òun. Fenwald ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì níbòmíì. Mínísítà ṣì ni mínísítà. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó pàdánù ju àga kan ṣoṣo lọ. Androulla ló pàdánù ọgbà bàbá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Pembe ló sì ń fi aṣọ ẹlòmíì tó ń fọ̀ jẹun, ní ọjọ́ ogbó ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló san gbèsè gbogbo wọn.